Kíréèṣì àdúgbò, kíréèṣì ìtòsí ọ́fíìsì, ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ìyá àgbà: èwo ni owó wa ká?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ṣómólú là ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìsinmi ìbímọ mi tán. Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta nígbà yẹn. 240,000 náírà ni owó oṣù mi, ti ọkọ mi jẹ́ 310,000. Kíréèṣì tó wà ní àdúgbò wa ń gba 35,000 lóṣù, ṣùgbọ́n aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, èmi kì í sì í délé kó tó di aago méje ààbọ̀. Èyí tó wà nítòsí ọ́fíìsì mi ń gba 90,000, wọ́n ń dúró di aago méje. Àǹtí ọkọ mi ní òun lè bá wa mú ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan wá láti abúlé, owó táṣẹ́rẹ́ la máa fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ká gbé ọmọ wá fún òun ní Ìjẹ̀bú Òde. Ìyá tèmi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, pé kí ló ń kù fún mi gan-an tí mo bá ti yọ owó kíréèṣì àti owó ọkọ̀ kúrò nínú 240,000. Agolo wàrà ọmọ tí mo lọ rà lánàá, 9,000 ni wọ́n tà á fún mi. Èwo ló dín owó jù nínú gbogbo rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní Ọlọ́run á ṣe é.

* * *

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, nínú ìdáhùn tó ti wọlé látàárọ̀, ohùn mẹ́ta ni mo gbọ́. Àwọn kan ní kíréèṣì àdúgbò ni, torí 35,000 kéré sí 90,000. Àwọn kan ní kó o gbé ọmọ fún ìyá àgbà, torí ọ̀fẹ́ ni. Àwọn yòókù ní kó o jókòó sílé. Mi ò bá ìkankan nínú wọn lọ, ìdí kan náà sì ni: owó tí wọ́n kọ sára bébà ni gbogbo wọn ń kà, kò sẹ́ni tó ka wákàtí.

Láti aago márùn-ún tí kíréèṣì àdúgbò bá ti tì, títí di aago méje ààbọ̀ tó o máa wọlé, wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Lójoojúmọ́ iṣẹ́ ni. Ta ló máa gbé ọmọ dání? Ẹni yẹn á gba owó. Torí náà, kó o tó bi kíréèṣì kan ní iye tó ń gbà, kọ́kọ́ bi ara rẹ ní ẹni tó máa wà pẹ̀lú ọmọ nígbà tí kíréèṣì náà ò bá sí: ní ìrọ̀lẹ́, nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ, lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá gbóná tí wọ́n pè ọ́ pé kó o wá gbé e.

Ó yá, ká ṣe é. Kíréèṣì àdúgbò, 35,000. Ìyá aládùúgbò tó máa lọ gbà á ní aago márùn-ún: ẹnì kan tí mo mọ̀ ní Yaba tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń gba 25,000 lóṣù. Ìyẹn ti di 60,000. Wá ka wàrà. Ọmọ oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tó jẹ́ pé wàrà agolo nìkan ló ń mu lè parí agolo gíráàmù 400 láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ìgbà tó ò sí nílé nìkan ló ń mu ún, agolo mẹ́rin sí márùn-ún ló máa gbé lóṣù. Ní 9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 36,000 sí 45,000 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀: 96,000 sí 105,000.

Kíréèṣì ìtòsí ọ́fíìsì ńkọ́? 90,000. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ìyẹn Labour Act, fún obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín àkókò iṣẹ́ kó lè lọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Bí kíréèṣì náà ò bá jìnnà sí ọ́fíìsì, wàá lọ láàárọ̀, wàá lọ lọ́sàn-án, agolo á dín kù gan-an. Kọ lẹ́tà sí àwọn HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kó o tó wọṣẹ́, má dúró dìgbà tí ọ̀gá bá ń bínú.

Nítorí náà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọ̀wọ́n gan-an ló dín owó, fún ọjọ́ orí tí ọmọ rẹ wà yìí.

* * *

Ẹnì kan béèrè ohun tó dára: "Ṣé kò lè fún ọmú sínú ìgò ni? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó wàrà tẹ́ ẹ kà yẹn ti wó."

Òótọ́ ni. Ọmú tí a fún jáde lè wà níta fún wákàtí mẹ́rin, nínú kúlà tí yìnyín dídì wà fún odidi ọjọ́ kan, nínú fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá tó bá ń rí ọmú tó pọ̀ fún, tó ní ibi tó mọ́ tó lè jókòó sí níbi iṣẹ́, tó sì ní kúlà kékeré, kíréèṣì àdúgbò á padà sí 60,000 fún un, á sì borí. Mi ò ní bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń rí. Ooru Èkó kì í jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin yẹn pé kéèyàn fi ọkàn balẹ̀. Iná lè lọ láti àárọ̀ di alẹ́, kí fíríìjì di kọ́bọ́ọ̀dù lásán. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni kò ní ibi tí obìnrin lè ti fún ọmú àyàfi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oúnjẹ ọmọ kọ́ ló yẹ ká ti máa pèsè níbẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí ọmú wọn kì í jáde dáadáa fún ẹ̀rọ, bó ti wù kí wọ́n gbìyànjú tó. Dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kù yìí. Ohun tó o bá rí ni kó o fi ṣe ìṣirò, má fi ti ẹlòmíì ṣe é.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan ń fa ìjà láìnídìí. Ìyá kan kọ pé ọmọ oṣù mẹ́ta kò yẹ ní kíréèṣì rárá, pé oṣù mẹ́fà lòun fi jókòó ti tòun, pé kí àwọn ìyá ìsinsìnyí má fi owó ṣíwájú ọmọ. Ẹni náà sọ pé òun jẹ́ olùkọ́ ìjọba Èkó.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìjọba Èkó fi oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 2014, fún ọmọ àkọ́kọ́ àti ìkejì, wọ́n sì fún àwọn bàbá ní ọjọ́ 10. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún aládàáni, ọ̀sẹ̀ 12 ni Labour Act mọ̀: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì pa á láṣẹ ju ìdajì owó oṣù lọ. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ di ọ̀sẹ̀ tó bímọ kó lè fi ìsinmi pamọ́ fún ọmọ, kò ní ju oṣù mẹ́ta náà lọ. Kì í ṣe pé ọkàn wọn le. Ìsinmi tí ẹ ní ni wọn ò ní. Ohun tó yẹ ká máa pariwo lé lórí ni pé kí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni fún wọn ní oṣù mẹ́fà náà, torí títí di oṣù mẹ́fà ni àwọn oníṣègùn ní kí ọmọ má mu nǹkan míì yàtọ̀ sí ọmú. Ta ló fẹ́ mú ìmọ̀ràn yẹn ṣe pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 12?

* * *

Mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méjìlá yìí sọ́tọ̀. Ó dùn mí bí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣe fò ó bí ẹni pé ó wà lára ohun téèyàn lè yàn.

Kò sí lára rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé tàbí ẹbí rẹ̀. Àjọ NAPTIP, tó ń gbógun ti fífi ọmọnìyàn ṣòwò, wà fún ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé òfin tì ná. Ọmọ ọdún méjìlá, kíláàsì ló yẹ kó wà lágogo mẹ́wàá àárọ̀. Bí ọmọ oṣù mẹ́ta bá pọ̀ wàrà, tó gba imú rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí ó ṣe? Bí sítóòfù bá gbiná ńkọ́? Ọmọ méjì lẹ fi sílẹ̀ nínú ilé yẹn, kò sí àgbàlagbà kankan. Àwọn tó ń sọ pé "àwa náà la pọn àwọn àbúrò wa" gbàgbé pé agbo ilé la wà nígbà náà. Ìyá àgbà wà ní ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó ilé méjì mẹ́ta wà ní ìdí ààrò, ẹni tó bá gbọ́ igbe ọmọ á yọjú. Yàrá kan àti pálọ̀ tó ní géètì irin ní Ṣómólú kọ́ nìyẹn. Ẹ máa ti géètì mọ́ wọn ni, kí ẹ sì gba afárá Third Mainland lọ.

Bí wọ́n bá ń wá ọ̀nà láti ran ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́, kí wọ́n san owó ilé ìwé rẹ̀ níbi tó wà. Kí wọ́n má pe èyí ní ìrànlọ́wọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ tó jẹ́ àgbàlagbà yàtọ̀. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta kan láti Sùúrùlérè ní 80,000 lòun ń san fún obìnrin kan tó ń gbé pẹ̀lú wọn, pé kò sí kíréèṣì tó lè bá a dọ́gba. Fún ilé tirẹ̀, òótọ́ ló sọ. Iye orí ni kíréèṣì ń kà. Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í kà á. Ọmọ méjì ní kíréèṣì 35,000 ti di 70,000 kí ẹ tó dé ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́, ọmọ mẹ́ta ti di 105,000. Ẹni tó sì wà nínú ilé kò ní ìsinmi táàmù, kò sì ní ti ilẹ̀kùn ní aago márùn-ún.

Fún ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá kan àti pálọ̀, mi ò rí i. 80,000 kọ́ ni 80,000. Ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kún un, ọṣẹ, ìpara, páàdì, oògùn ibà, àyẹ̀wò ara kó tó wọlé, owó tí ajẹ́ntì gbà, owó ọkọ̀ ọdún. Níbo ló máa sùn? Nígbà tí ọmọ mi kejì wà ní kékeré, a gba ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́ ajẹ́ntì kan; ó lọ sílé fún Kérésìmesì, kò padà, ajẹ́ntì sì ní àkókò pàṣípààrọ̀ ti kọjá, ká san òmíràn. Ilé iṣẹ́ ti ṣí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìsinmi ọdọọdún mi ni mo fi dí i.

Àwọn kan ń béèrè iye tó yẹ kí wọ́n san. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè jẹ́ 70,000 láti oṣù keje 2024, ti Ìpínlẹ̀ Èkó sì di 85,000 lọ́dún náà. Òfin náà kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa mú yín. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń jí ní aago márùn-ún, tó ń sùn ní aago mẹ́wàá, tí ẹ fún ní 30,000, ọmọ yín lẹ fi sí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ gba nọ́ńbà NIN rẹ̀, ẹ mọ ilé àwọn ẹbí rẹ̀, ẹ rí onídùúró tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ẹ sì fún un lọ́jọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀.

* * *

Ìyá àgbà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ má bínú. Òótọ́ ni pé ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń tọ́ ọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn igba náà ti ní ìsọ̀ lọ́jà lónìí, wọ́n ní àjọ tí wọ́n ń dá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lo oògùn sí.

Nígbà tí ìyá mi wá wẹ ọmọ fún mi ní Èbúté Mẹ́ta, oṣù tó fi dúró ni ìsọ̀ ẹlùbọ́ rẹ̀ fi wà ní títì. Àwọn oníbàárà ò dúró dè é. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ, kò sì bi mí ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n owó yẹn jáde láti ibì kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti jáde. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé bí ìyá bá máa dúró ju oṣù tí a fi ń wẹ ọmọ lọ, kí ọlọ́mọ máa fún un lówó gidi lóṣooṣù, kì í ṣe owó ẹja. Bó bá jẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí ara rẹ̀ le, tó sì fẹ́ gbé Èkó, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀.

Gbígbé ọmọ lọ sí Ìjẹ̀bú Òde jẹ́ ọ̀rọ̀ míì. Àbúrò mi, ọmú á dáwọ́ dúró nìyẹn, agolo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lóṣù lo máa fi rọ́pò rẹ̀. Ní 9,000, ìyẹn ti kọjá 70,000. Fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ gba Ṣàgámù ní òpin ọ̀sẹ̀ fún ìwọ àti ọkọ rẹ kún un. Ó lè kọjá 90,000 pàápàá, ọmọ ò sì sí nílé. Bó bá ti pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tó fẹ́ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyẹn dára gan-an.

* * *

Ìyá kan láti Ìdúmọ̀tà ní gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ti àwọn olówó oṣù ni, pé ẹ̀yìn òun lọmọ òun wà ní ìsọ̀. Ó tọ́ kó sọ ọ́. Ẹni tó ń tajà ní Balógun tàbí Ọyìngbò ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú nígbàkúùgbà, kò sì san kíréèṣì. Ohun tó ń san ni oòrùn, ariwo, èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn ìsọ̀ tó yí i ká, àti oníbàárà tó kọjá nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ ọmọ. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ lọ́jà ni kí ìyálọ́jà mẹ́rin márùn-ún dá owó jọ, kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí òkè tí èéfín ò dé, kí wọ́n san owó fún àgbàlagbà obìnrin kan láti dúró ti àwọn ọmọ. Bí ọjà yín bá ní ẹgbẹ́, ẹ gbé e síwájú ìpàdé.

* * *

Fífi iṣẹ́ sílẹ̀. Èyí ni ìdáhùn tó pọ̀ jù, òun náà ni mo sì kọ̀ jù.

Wo bí ìyá rẹ ṣe yọ ọ́: 90,000 kúrò nínú 240,000. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ó dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé owó oṣù ìyá nìkan ni kí a ti máa yọ ọ́? Ẹni méjì ló bí ọmọ. Owó tó ń wọlé yín jẹ́ 550,000. 90,000 kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀. Ìnáwó ilé ni, bí owó ilé àti owó iná. Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá kan sọ pé kí òun fiṣẹ́ sílẹ̀ torí pé owó ilé ti gba owó oṣù òun tán.

Ohun tó o sì máa pàdánù kò mọ sí owó oṣù. Òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 sí àpò ìfẹ̀yìntì rẹ, kí ìwọ fi 8 sí i. Ó dúró lọ́jọ́ tó o lọ. Bí HMO ilé iṣẹ́ rẹ, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera, bá gba ọmọ mọ́ra, ó dúró pẹ̀lú. Ẹni tó kúrò fún ọdún mẹ́ta, tó wá padà, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ló máa bá ní ipò ọ̀gá. Owó kíréèṣì ní òpin ní tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń lọ sí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi tí kì í gba owó ilé ìwé, á wá ku wákàtí ọ̀sán nìkan tí wàá wá ẹni tó máa dí i.

Síbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan kọ pé 85,000 lòun ń gbà, Ìkòròdú lòun ń gbé, Lẹ́kí lòun ń lọ. Bó bá yọ owó ọkọ̀ méjèèjì àti kíréèṣì, kò sí nǹkan kan nílẹ̀, ó sì ń rìn lójú ọ̀nà ju bó ṣe ń rí ọmọ rẹ̀ lọ. Fún un, kó wá iṣẹ́ tàbí òwò sí ìtòsí ilé, kódà bó bá kéré díẹ̀. Kó ṣáà má kúrò níbi tó wà kó tó rí òmíràn.

* * *

Ẹ̀yin bàbá dákẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ̀rọ̀ ní kò bójú mu kí ọkùnrin gbé báàgì ọmọ lọ sí kíréèṣì. Ẹlòmíì dá a lóhùn, mo sì gbóríyìn fún un: Yaba ló ń gbé, Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2024, òun ló sì ń lọ gba ọmọ nírọ̀lẹ́. Ìrìn ọkọ̀ náà kò pọ̀ lóòjọ́, nítorí náà ó ti mọ aago rẹ̀ sórí. Ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ láti Erékùṣù, ó lè pẹ́ lórí afárá láìsí pé ọkàn rẹ̀ ń fò.

Bàbá yẹn ń pa iye tí à bá san fún ìyá aládùúgbò mọ́ sápò ilé rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ ka ìyẹn náà mọ́ owó.

* * *

Wọ́n ta kò mí pé ìwà ìkà ni kí n ní kí wọ́n gbé ọmọ oṣù mẹ́ta wọ mọ́tò láàárọ̀ kùtù kọjá ọ̀sà. Mo ti ṣe é. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Nínú dánfó ní wákàtí ìsáré, pẹ̀lú èrò mẹ́rin lórí ìjókòó mẹ́ta, mi ò ní gbà á níyànjú fún ẹnikẹ́ni. Láti Ṣómólú, ẹ lè rìn tàbí wọ kẹ̀kẹ́ dé Onípanu, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì BRT tó ń lọ sí CMS ní Marina. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ ní apá tó pọ̀ lórí Ikorodu Road, kò sì ní fò bí dánfó. Gbé ọmọ sí iwájú àyà, kì í ṣe sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn kò ṣe é fara ti nínú ọkọ̀, o ò sì ní rí ojú rẹ̀. Àkókò ọyẹ́, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo iwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí omi bo ọ̀nà, wọ takisí tàbí kó o má lọ. Fi owó takisí díẹ̀ sínú ìṣirò rẹ lóṣù, má ṣe bí ẹni pé kò ní ṣẹlẹ̀.

* * *

Bó o bá fẹ́ yan kíréèṣì, yálà ti Marina tàbí ti àdúgbò, lọ láìsọ tẹ́lẹ̀ ní aago kan ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn. Béèrè iye ọmọ ọwọ́ tó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú kan. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè gba ọmọ 10 fún ẹnì kan ní kíréèṣì. Fún àwọn tí kò tíì lè jókòó, èmi ò ní gbà ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà sí fèrèsé. Wo bóyá ọ̀nà àbájáde kejì wà. Béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìjọba Èkó tó ń rí sí i pé ẹ̀kọ́ ilé ìwé dára tó. Béèrè ẹni tí wọ́n lè gbé ọmọ fún yàtọ̀ sí ìwọ àti ọkọ rẹ.

Sọ fún wọn ní kíkọ pé wọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ ní oògùn kankan láìpè ọ́. Àwọn kan ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́ tó ń kunni lóorun kí ilé lè dákẹ́. Ọmọ tó bá ń sùn wọra-wọra nígbà tó o bá dé lójoojúmọ́, tí kò sì fẹ́ jẹun, má gbà pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ka owó tí wọn ò kọ sára bébà: owó ìforúkọsílẹ̀, owó pé o pẹ́ dé, owó gáàsì àti dísẹ́ẹ̀lì, owó àjọ̀dún ìparí ọdún. Bi wọ́n bóyá o máa san oṣù kẹjọ bí wọn ò tilẹ̀ ṣí.

* * *

Àbúrò mi ti padà wá. Ó ní ọkọ òun ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé wọ́n gbà kó máa kúrò ní aago mẹ́ta ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ bó bá ń tètè dé lọ́jọ́ náà, pé òun gbìyànjú láti fún ọmú, kò jáde dáadáa, àti pé kíréèṣì Marina fẹ́ gba owó táàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

O ṣeun tó o padà. Bí ọmú kò bá jáde fún ẹ̀rọ, Marina ni kó o bẹ̀rẹ̀. Má san owó táàmù. Sọ pé oṣù kan lo máa san kó o lè rí bí ara ọmọ ṣe gbà á. Bí wọ́n bá yarí, fún wọn ní owó oṣù kan àti ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n kọ ìyókù sílẹ̀ fún ọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 14 máa bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó o wọṣẹ́, sọ fún HR báyìí. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìtọ́jú ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ ọ.

Nígbà tí ọmọ bá pé bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, tó ń jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀wà, tí wàrà agolo kò sì jẹ́ dandan mọ́ lọ́sàn-án, gbé e padà sí kíréèṣì àdúgbò. Ọkọ rẹ á gba á ní ọjọ́ méjì, ìyá aládùúgbò ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìyá náà bá gbà láti ka ọjọ́ mẹ́ta nínú 25,000, ó máa wá sí 15,000. Pẹ̀lú 35,000, ìyẹn jẹ́ 50,000. 40,000 ló máa fi dín sí ti Marina lóṣù. Lọ bá ìyá yẹn sọ ọ́ báyìí, kó tó fi àyè náà fún ọmọ ẹlòmíì, kí ọmọ rẹ sì máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ojú wọn lè mọ ara wọn.